Kí Ímeèlì Ìpolówó Lè Dé Inbox: Ìfiwéra Àwọn Ọ̀nà Tó Wà Nílẹ̀

Nígbà tí sáfà tó ń gba lẹ́tà bá fi nọ́ńbà 250 dá sáfà wa lóhùn, ohun tó ń sọ ni pé òun ti gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ wa. Kò sọ ibi tí òun máa gbé e sí. Ó lè gbé e sínú inbox, ó lè tì í sínú fódà spam, ó sì lè dà á nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ìròyìn tó ń sọ pé ìpín 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn lẹ́tà wa ti “dé” kò fi sọ ohunkóhun fún wa nípa iye ènìyàn tó fojú kàn wọ́n.

Ẹni tí mo ní lọ́kàn bí mo ti ń kọ èyí ni ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún díẹ̀ àdírẹ́sì lọ́wọ́, tó ń fi ìpolówó ọjà tàbí ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó sì fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí ó ná owó àti àkókò rẹ̀ sí. Níbi tí mo bá ti ní èrò tèmi, mo máa sọ ọ́, nítorí pé ìfiwéra tí kò bá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni kì í ran ẹni tó fẹ́ yan nǹkan lọ́wọ́.

Àdírẹ́sì ọ̀fẹ́ tàbí dómẹ́ènì tara ẹni

Èyí kò gba àríyànjiyàn. Ẹni tó bá ń fi àdírẹ́sì tó parí sí gmail.com tàbí yahoo.com polówó láti orí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn tó sì ni orúkọ náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Yahoo ti kéde fún gbogbo sáfà pé kí wọ́n kọ lẹ́tà èyíkéyìí tó bá ń pe ara rẹ̀ ní ti yahoo.com tí kò sì ti ọ̀dọ̀ Yahoo wá. AOL ṣe bákan náà nínú oṣù yẹn. Kí a ra dómẹ́ènì, ìyẹn orúkọ tara wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Sáfà tara ẹni tàbí ilé iṣẹ́ tó ń báni fi lẹ́tà ránṣẹ́

Ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa lè gbé Postfix, ètò ìfilẹ́tà-ránṣẹ́ tí a kì í san owó fún, sórí sáfà kan, kí ó sì máa fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àṣẹ gbogbo nǹkan máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní san owó lórí iye lẹ́tà tó bá jáde. Ṣùgbọ́n òun náà ló máa ṣètò àkọsílẹ̀ nínú DNS (ìwé atọ́ka orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó ń tọ́ka láti àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá sáfà mọ̀) padà sí orúkọ sáfà, òun ló máa máa ka èsì tí àwọn sáfà mìíràn bá fọ̀, òun náà ló sì máa lọ bẹ̀bẹ̀ nígbà tí Spamhaus, tàbí ẹlòmíràn tó ń ṣe àkójọ àwọn tó ń fi spam ránṣẹ́, bá kọ IP rẹ̀ mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń yáni ní sáfà kò tilẹ̀ ṣí pọ́ọ̀tù 25, tí lẹ́tà ń gbà jáde láti sáfà kan sí òmíràn, fún oníbàárà tuntun mọ́, nítorí ohun tí àwọn oníjìbìtì ti fi ṣe.

Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Mailchimp, Brevo àti Amazon SES ti ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ àwọn àdírẹ́sì tó ti kú kí a má baà kọ lẹ́tà sí wọn mọ́, wọ́n sì ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ àwọn bíi Yahoo nígbà tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì spam lórí lẹ́tà wa. Gmail kì í dárúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Iye wọn lápapọ̀ ló máa ń fi hàn wá. Ohun tí a ń san fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni owó oṣooṣù, àti òmìnira díẹ̀, nítorí pé wọ́n lè ti àkáǹtì ẹni tí àwọn ènìyàn bá ń ráhùn nípa rẹ̀ jù.

Ní tèmi, ẹni tí kò bá ní òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó sáfà lójoojúmọ́ kò ní ìdí kankan láti gbìyànjú ọ̀nà àkọ́kọ́. Kí ó kàn má rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá máa fọ àkójọ àdírẹ́sì tó dọ̀tí mọ́ fún òun.

IP àjọlò tàbí IP àdálò

IP àjọlò ni èyí tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń lò, IP àdálò sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó wà lórí IP àjọlò dà bí ẹni tó yá yàrá nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń gbé: bí aládùúgbò bá ń pariwo lóru, gbogbo ilé ni wọ́n máa pè ní ilé aláriwo. Ìbẹ̀rù èyí ló ń mú kí àwọn ènìyàn sáré lọ ra IP àdálò, tí wọ́n sì máa ń kábàámọ̀ rẹ̀. IP tuntun kò ní ìtàn kankan, Gmail àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í fọkàn tán ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹni tó bá gba IP àdálò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà díẹ̀ sí àwọn tó máa ń ka lẹ́tà rẹ̀ jù lọ, kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó má sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà, nítorí pé IP tí a pa tì fún oṣù kan tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlejò padà.

Ẹni tó ń fi ọ̀kẹ́ àìmọye lẹ́tà jáde lóṣù, tí iye rẹ̀ kì í sì í lọ sókè sódò, ni IP àdálò tọ́ sí. Fún ẹni tó ń fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀, IP àjọlò ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ dáadáa sàn jù ú lọ. Yàtọ̀ sí èyí, dómẹ́ènì ní orúkọ tirẹ̀ lójú àwọn tó ń gba lẹ́tà, ẹni tó bá sì ti ba orúkọ dómẹ́ènì rẹ̀ jẹ́ kò lè sá fún un nípa pípààrọ̀ IP.

Dómẹ́ènì kan fún gbogbo nǹkan tàbí dómẹ́ènì ọmọ

Ẹ jẹ́ kí a pe dómẹ́ènì wa ní apeere.com. A lè máa fi apeere.com fúnra rẹ̀ ṣe ohun gbogbo: ìpolówó, rìsíìtì, lẹ́tà tí ènìyàn fi ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, àti lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ sí ara wọn. Èyí rọrùn, ṣùgbọ́n bí ìpolówó kan bá mú kí àwọn ènìyàn ráhùn, rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ aṣínà lè bá a lọ sínú spam. Ọ̀nà kejì ni kí ìpolówó máa jáde láti iroyin.apeere.com, kí rìsíìtì máa jáde láti owo.apeere.com. Orúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í dá dúró pátápátá sí ti ìyá wọn, ìwà ọmọ ṣì máa ń kan ìyá, àmọ́ ìbàjẹ́ náà kì í tètè tàn kálẹ̀.

Mo fara mọ́ ọ̀nà kejì, àní fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Ohun tí n kò fara mọ́ rárá ni ọ̀nà kẹta tí àwọn kan ń lò, ìyẹn kí a ra dómẹ́ènì mìíràn tó jọ tiwa, bíi apeere-ipolowo.com, kí a fi máa polówó. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn oníjìbìtì máa ń lò, olùkà kò sì ní bí yóò ṣe fi ìyàtọ̀ sáàárín àwa àti àwọn.

SPF, DKIM àti DMARC

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè èwo ni kí àwọn yàn nínú mẹ́ta yìí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ṣùgbọ́n ó dára kí a mọ ohun tí èyí ń ṣe tí ìyẹn kò lè ṣe.

SPF jẹ́ àkọsílẹ̀ nínú DNS tó ń dárúkọ àwọn sáfà tí a gbà láàyè láti fi lẹ́tà jáde lórúkọ dómẹ́ènì wa. Ó rọrùn láti ṣe, àmọ́ ó ní àléébù méjì. Bí ẹni tí a kọ lẹ́tà sí bá tàtaré rẹ̀ sí àpótí mìíràn, ọ̀dọ̀ sáfà tí a kò dárúkọ ló máa dà bíi pé lẹ́tà náà ti wá, SPF yóò sì já. Èkejì ni pé kò gbọ́dọ̀ mú kí sáfà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ DNS ju ìgbà 10 lọ, ẹni tó bá sì ń kó irinṣẹ́ jọ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún láìyọ èyí tí kò lò mọ́ yóò kọjá iye yìí láìmọ̀.

DKIM jẹ́ ìbuwọ́lùwé. Sáfà tó ń fi lẹ́tà jáde ń fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ buwọ́ lu lẹ́tà, ẹni tó gbà á sì ń fi kọ́kọ́rọ́ gbangba tó wà nínú DNS wa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá a ti fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Ìbuwọ́lùwé yìí ń bá lẹ́tà rìn bí a bá tàtaré rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kà á sí pàtàkì ju SPF lọ. Kí kọ́kọ́rọ́ náà gùn tó bíìtì 2048 bí ilé iṣẹ́ wa bá gbà á láàyè. 1024 ni ó kéré jù tí Gmail ń gbà. Kí a sì rí i dájú pé orúkọ dómẹ́ènì tiwa ni ìbuwọ́lùwé náà ń jẹ́, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi lẹ́tà ránṣẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi orúkọ tiwọn buwọ́ lù ú títí a ó fi ṣètò tiwa.

DMARC ló ń so méjèèjì pọ̀. Ó ń béèrè bóyá dómẹ́ènì tí olùkà fojú rí níwájú lẹ́tà bá èyí tí SPF tàbí DKIM jẹ́rìí sí mu, ó sì ń sọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe bí kò bá mu: none, kí wọ́n fi sílẹ̀, quarantine, kí wọ́n tì í sínú spam, reject, kí wọ́n kọ̀ ọ́. Bí a bá wo mẹ́ta yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, none kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìròyìn máa dé ọ̀dọ̀ wa nípa gbogbo sáfà tó ń lo orúkọ wa. Reject ló lágbára jù, òun náà ló sì lè pa lẹ́tà tiwa gan-an bí irinṣẹ́ kan bá wà tí a gbàgbé láti ṣètò. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti none, kí a ka ìròyìn náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a tó gòkè.

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di dandan fún àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́, Google sì pe èyí ní lẹ́tà bíi 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí àwọn àpótí Gmail lọ́jọ́ kan. Microsoft tẹ̀ lé wọn ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 fún àwọn àpótí Outlook.com àti Hotmail. Ẹni tí kò tó iye yẹn pàápàá, kí ó ṣe é. Kì í gbà ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ kò ju pé àwa ni a kọ lẹ́tà yìí lọ. Wọn kò sọ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ kà á, oníspam náà sì lè ní SPF tó péye.

Bí a ṣe ń kó àdírẹ́sì jọ

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo ohun tí mò ń fi wéra yìí, kò sí èyí tó ń pinnu inbox tàbí spam tó bí àkójọ àdírẹ́sì, kò sì sí èyí tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn bí i.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni rírà. Ẹni tó ń ta àkójọ náà yóò sọ pé gbogbo wọn ló “gbà,” àmọ́ kò sí ẹni tó gba lẹ́tà tiwa nínú wọn. Inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni àdírẹ́sì ìdẹkùn máa ń wà. Àwọn kan jẹ́ èyí tí a dá sílẹ̀ láti fi mú àwọn tó ń ha àdírẹ́sì kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sí ènìyàn kankan tó ń lò wọ́n rí. Àwọn mìíràn jẹ́ àpótí àtijọ́ tí ẹni tó ni ín ti pa tì, tí ilé iṣẹ́ tó ni í kọ́kọ́ ń dá lẹ́tà rẹ̀ padà fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó jí i dìde láti máa ṣọ́ àwọn tí kò gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀: dómẹ́ènì tiwa ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó tà á.

Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù wa, kí a sì fi kún àkójọ lójú ẹsẹ̀. Àkójọ wa yóò tètè dàgbà báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn kan yóò ṣi àdírẹ́sì tiwọn kọ, àwọn kan yóò kọ ti ẹlòmíràn, àwọn róbọ́ọ̀tì yóò sì fi àdírẹ́sì ènìyàn tí kò mọ̀ wá rí kún fọ́ọ̀mù tí a kò dáàbò bò.

Ọ̀nà kẹta ni kí a kọ́kọ́ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tó ní líǹkì ìfìdímúlẹ̀, kí a má sì kọ ohunkóhun mìíràn sí ẹni náà títí yóò fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan kò ní tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pé wọn kò fẹ́, wọ́n kàn gbàgbé ni tàbí kí wọ́n má rí lẹ́tà náà. Àdánù gidi ni èyí, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé gbogbo àdírẹ́sì tó kù ló wà láàyè, àwọn tó ni wọ́n ló sì forúkọ sílẹ̀, a sì ní ẹ̀rí ọjọ́ àti wákàtí. Òfin GDPR, tó dá lórí ìsọfúnni ara ẹni, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yúróòpù ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 béèrè pé kí ẹni tó bá gbára lé ìyọ̀ǹda lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ní Jámánì sì ni ọ̀nà kẹta yìí ti di àṣà àwọn oníṣòwò.

Bí mo ṣe ń pín in ni pé kí fọ́ọ̀mù tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé máa lo ìfìdímúlẹ̀, kí ẹni tó ti ra nǹkan lọ́wọ́ wa, tó sì fi àmì sí i pé òun fẹ́ ìròyìn, wọlé láìsí i, nítorí pé rìsíìtì tó ti dé ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ́rìí sí àdírẹ́sì náà.

Gbogbo àkójọ tàbí àwọn tó ń kà á nìkan

Google ní kí ìráhùn àwọn olùkà má ṣe dé ìpín 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún láé, kí a sì gbìyànjú kí ó wà lábẹ́ 0.1. Èyí túmọ̀ sí pé bí lẹ́tà wa bá wọ inbox ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹni mẹ́ta péré tó tẹ bọ́tìnì spam ti gbé wa dé ẹnu ààlà. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: lẹ́tà tó wọ inbox ni Google fi ń ṣe ìṣirò yìí, kì í ṣe gbogbo lẹ́tà tó jáde. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà wa bá ti ń lọ sínú spam, kò sí ẹni tó máa rí i láti ráhùn, iye ìráhùn yóò sì wá sílẹ̀. Ẹni tó ń yọ̀ pé ìráhùn ti dín kù lè jẹ́ ẹni tí a kò gbà wọlé mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbè sẹ́yìn àkójọ kékeré. Ẹni tí kò ṣí lẹ́tà tàbí kí ó tẹ líǹkì kan fún oṣù mẹ́fà, kí a bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó ṣì fẹ́ ìròyìn wa, bí kò bá dáhùn, kí a dákẹ́. Ní ti àdírẹ́sì tó ń dá lẹ́tà padà, èsì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, bíi 550, sábà máa ń túmọ̀ sí pé ó ti tán, kí a yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 ń sọ pé kí a padà wá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ní a ń yára jù.

Ìlẹ̀kùn ìjáde: gbọọrọ tàbí tóóró

Àwọn kan máa ń fi líǹkì ìyọra-ẹni pamọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà ní àwọ̀ eérú, wọ́n á ní kí ènìyàn wọ àkáǹtì rẹ̀ kí ó tó lè jáde. Wọ́n gbàgbé pé bọ́tìnì spam wà lókè, ó tóbi, kò sì béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó bá yọra rẹ̀ kò pa wá lára, ẹni tó tẹ spam ló ń pa wá lára. Google àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan pé kí lẹ́tà ìpolówó àwọn tó ń fi púpọ̀ ránṣẹ́ ní ìyọra-ẹni oní-títẹ̀-ẹ̀ẹ̀kan nínú orí lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà RFC 8058 ti là á sílẹ̀, kí a sì mú un ṣẹ láàárín ọjọ́ méjì. Òfin CAN-SPAM ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ ti ọdún 2003, gba ọjọ́ iṣẹ́ 10 láàyè. Ti ọjọ́ méjì ni kí a tẹ̀ lé.

Táàbù Promotions tàbí Primary

Láti ọdún 2013 ni Gmail ti ń ya ìpolówó sọ́tọ̀ sínú táàbù tirẹ̀. Inú inbox ni táàbù yẹn wà. Ẹni tó ń kọ “Re:” sí àkọlé lẹ́tà tí kì í ṣe ìdáhùn, kí ó lè sá bọ́ sínú Primary, táàbù àkọ́kọ́, ń fi ibi tó dára díẹ̀ wéwu pé kí ó bá ara rẹ̀ nínú spam. Kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iye tó ṣí lẹ́tà tàbí iye tó tẹ líǹkì

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Apple ti ń ṣí àwòrán inú lẹ́tà, èyí tí a fi ń ka iye tó ṣí i, sílẹ̀ fúnra rẹ̀ fún àwọn tó bá yan ààbò àṣírí nínú ètò Mail rẹ̀, yálà wọ́n ka lẹ́tà náà tàbí wọn kò kà á. Nítorí náà, iye “ṣíṣí” ti di ohun tí a kò lè gbọ́kàn lé. Títẹ líǹkì àti ìdáhùn sàn jù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ètò ààbò kan náà máa ń tẹ líǹkì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a fi Postmaster Tools ti Google kún un, níbi tí a ti lè rí iye ìráhùn, àti bóyá SPF, DKIM àti DMARC wa ń ṣiṣẹ́.

Bí a bá ti wà nínú spam: dómẹ́ènì tuntun tàbí àtúnṣe ti àtijọ́

Dómẹ́ènì tuntun máa ń dà bí ọ̀nà àbùjá, àmọ́ tí a bá gbé àkójọ àtijọ́ lọ síbẹ̀, oṣù mélòó kan péré ni yóò gbà kí ó tó bàjẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, àlejò ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ́. Àtúnṣe ń falẹ̀, ó sì ń dun ẹni tó fẹ́ràn nọ́ńbà ńlá. A ó dá ìpolówó dúró, a ó wá ohun tó fà á, a ó bẹ̀rẹ̀ padà pẹ̀lú kìkì àwọn tó tẹ líǹkì wa láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, bí wọn kò tilẹ̀ ju igba lọ, a ó sì máa fi àwọn tó tẹ̀ ẹ́ láàárín ọgọ́ta ọjọ́, lẹ́yìn náà àádọ́rùn-ún ọjọ́, kún wọn níwọ̀n ìgbà tí ìráhùn bá ṣì wà lábẹ́ 0.1. Bí ó bá gòkè lọ́sẹ̀ kan, kí a padà sí iye ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí a sì dúró síbẹ̀. Àwọn tó kù lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ìdí tí a fi wọ inú spam tẹ́lẹ̀, nítorí náà kí a má tún gbé wọn padà wọlé.